Ìrìn Jẹ́jẹ́ Létí Ọ̀sà

Ní Ìbeṣé, ìlú apẹja tí ó wà létí ọ̀sà ní agbègbè Ìkòròdú, kùtùkùtù òwúrọ̀ ni omi máa ń dákẹ́ jù, kí àwọn ọkọ̀ tí ń kó èrò lọ sí Èkó tó fi ariwo ẹ̀rọ da ojú rẹ̀ rú. Àkókò náà ni obìnrin kan tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún máa ń ti ilé jáde pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin a sì máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí yóò rò pé afẹ́fẹ́ lásán ni ó ń gbà.

Ẹja ni ó ń tà tẹ́lẹ̀, a sì máa dé èbúté ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ìgbà òjò kan ni ó yọ̀ lórí pákó tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀, iṣan orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì já. Odindi oṣù mẹ́ta ni ó fi wà lórí ìjókòó. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń gbé oúnjẹ wá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kẹ́ aláìsàn nílẹ̀ Yorùbá: ẹ̀bà lónìí, iyán lọ́la, ẹja lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, wọ́n ní ìsinmi gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dìde tán tí ara kò yá, tí oorun ń kùn ún lọ́sàn-án gangan, tí òtútù ń mú un níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń làágùn, tí irun rẹ̀ ń já, tí ohùn rẹ̀ sì ń kẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn kan ní ayé ni. Àwọn mìíràn pè é ní ọ̀lẹ. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ti ọ̀lẹ yẹn ni ó dun òun jù, nítorí òun alára kò lè búra pé irọ́ ni.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó fi òkodoro hàn. Tairọ́ìdì, ẹṣẹ́ kékeré tí ó rí bí labalábá ní iwájú ọ̀fun, kò ṣiṣẹ́ tó. Òun ni ó ń darí bí ara ṣe ń yára lo oúnjẹ. Bí ó bá ń tòògbé, gbogbo ara a tòògbé. Gẹ̀gẹ̀ ni àwọn àgbà mọ̀ nínú àrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn lè dán kí ẹṣẹ́ náà sì ti rẹ̀ nínú. Ní 1891, George Murray, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi omi tí ó fà láti inú tairọ́ìdì àgùntàn tọ́jú obìnrin kan tí irú àìsàn yìí ń ṣe, onítọ̀hún sì tún lo ọdún 28 láyé. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 1914, Edward Kendall ya ojúlówó èròjà náà sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà. Lónìí oògùn oníhóró kékeré ni, tí wọ́n ń fi omi lásán gbé mì lówùúrọ̀ kí oúnjẹ tó kan ẹnu.

Obìnrin náà gbà pé oògùn yìí ni yóò bọ́ ẹran náà kúrò lára òun. Dókítà kò tàn án. Ó ní nínú gbogbo ohun tí ó lé sí i lára, nǹkan bí kílò 2 sí 5 ni tairọ́ìdì sábà máa ń fà, omi àti iyọ̀ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìjókòó àti àwo oúnjẹ ni ó ni ìyókù. Ọ̀rọ̀ náà korò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí yóò di ẹ̀bi rù ni, wọ́n tún sọ ìdajì ẹrù náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀ mọ ọ̀nà àbùjá.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí á máa sáré láràárọ̀. Bí ẹ bá làágùn dáadáa, yóò yọ́.”

“Orúnkún ta ni yóò sá eré náà? Àbí o fẹ́ yá mi ní tìrẹ?”

Ó jàre. Kílò 1 tí ó bá kúrò lára ènìyàn, nǹkan bí kílò 4 ni ó ń fúyẹ́ lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrù ṣe ń pọ̀ bí ara bá ń wúwo sí i. Ẹni tí ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ní ilé-ìwòsàn ní kí ó bẹ̀rẹ̀ lórí àga: kí ó na ẹsẹ̀, kí ó ká a, kí ó dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Lẹ́yìn èyí, ìrìn ìṣẹ́jú 10 lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Nígbà tí ó wá béèrè bóyá omi wà nítòsí ilé rẹ̀, ẹ̀rín pa ọmọ Ìbeṣé.

Bí omi bá mu ènìyàn dé ìbàdí, nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń gbé. Bí ó bá dé àyà, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Síbẹ̀ omi ń dènà, iṣan sì níláti ṣiṣẹ́ kí ó tó la á kọjá. Ní ìlú òyìnbó, owó ni wọ́n ń san kí wọ́n tó wọ adágún tí wọ́n gbẹ́ fún irú eré yìí. Àbúrò rẹ̀ wá ibi tí ilẹ̀ ọ̀sà kò ti jìn, tí kò ní ẹrẹ̀ púpọ̀, tí ọkọ̀ kì í sì í gbà, ó fi ọ̀pá dán ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì dúró tì í. Níbẹ̀ ni ó ti ń rìn lọ rìn bọ̀, ìró mọ́ àyà.

Àbúrò yìí kan náà ni ó máa ń sọ ìtàn Gail Devers, eléré ìje ọmọ Amẹ́ríkà. Ní 1991 ìtọ́jú àìsàn tairọ́ìdì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé gígé ni wọ́n ń rò. Ní 1992 ó gba wúrà eré 100 mítà ní Barcelona. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a ní òun kò bá ẹnikẹ́ni du wúrà, kí ó ṣáà máa wo ibi tí òun ń tẹ̀.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, òṣùwọ̀n kò yẹ̀. Ó sunkún. Ṣùgbọ́n oorun ọ̀sán ti dínkù, òkèlè náà sì ti kéré sí i, nítorí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹ̀bà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí yóò fi pé oṣù mẹ́jọ, kílò 6 ti lọ. Dókítà sì fẹ́ tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò ní Èkó, ọkọ̀ ojú omi ni yóò sì wọ̀. Pákó ọjọ́sí ṣì wà níbẹ̀, ó tutù. Àbúrò rẹ̀ na ọwọ́ sí i láti inú ọkọ̀. Ọ̀pá ni ó kọ́kọ́ nà sí i, ó ní kí ó bá òun mú un dání, ó sì rọra gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú.