Àwọ̀ Ara Nínú Fọ́tò

Iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ ní ìlú Ìlọrin. Àwọn amọ̀kòkò wà níbẹ̀, àwọn ahunṣọ wà níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ awọ náà sì wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò pẹ́ tó ìwọ̀nyí nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ fọ́tò ni. Ní Ṣàngó ni mo ti ń ṣe é, ní ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí àwọn onímọ́tò, àwọn oníṣòwò àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà, n kò ní sọ pé owó ẹ̀rọ ni, bí ó tilẹ̀ wọ́n gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní sọ pé àwọn oníbàárà tí kì í fẹ́ san owó ni. Ohun tí ó ṣòro jù ni kí àwọ̀ ara ènìyàn jáde nínú fọ́tò bí Ọlọ́run ti dá a, kí ó sì tún jáde bẹ́ẹ̀ lọ́la àti ní ọ̀túnla.

Àwa Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ ṣeré. Ẹni tí ó lọ ra ẹtù lọ́dọ̀ ahunṣọ kò ní gbà kí wọ́n gbé àlàárì fún un, ẹni tí ó sì fẹ́ sányán mọ̀ bí sányán ti ń rí. Bákan náà ni ara ènìyàn. Ẹnì kan wà tí ó dúdú tí ó sì ń dán, tí a ń pè ní adúmáadán. Ẹlòmíràn pọ́n bí epo. Ẹlòmíràn sì wà láàárín méjèèjì, tí kò ṣeé pè ní dúdú, tí kò sì ṣeé pè ní pupa. Ojú ọmọ ìyá mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ògiri. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wọ̀n, ohun gbogbo tí ó bá sì wà níwájú rẹ̀, ó ń rò pé bí a bá pò ó pọ̀, yóò dà bí àwọ̀ eérú kan tí ń dá nǹkan bí 18 padà nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bà lé e. Nísinsìnyí, ẹ ro ọjọ́ Iléyá ní Ìlọrin. Bàbá kan wọ agbádá funfun, ó dé fìlà funfun, ó sì jókòó síwájú aṣọ funfun tí mo ta sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kámẹ́rà rí gbogbo funfun yìí, ó sì wí nínú ara rẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ni yóò bá dín in kù. Agbádá á wá dà bí aṣọ tí a kò fọ̀, ojú bàbá yóò sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ní ọjọ́ kejì, bàbá kan náà lè wọ aṣọ dúdú, kí ó jókòó síwájú aṣọ dúdú, kí ojú rẹ̀ sì funfun bí ẹni tí ó ṣubú sínú èlùbọ́. Ènìyàn kan ni o! Nítorí náà, ojú ènìyàn ni a ń wọ̀n, a kì í wọn aṣọ. Bí mo bá ti wọn ojú rẹ̀ tán, mo ti ẹ̀rọ pa síbẹ̀, n kì í jẹ́ kí ó tún ronú fúnra rẹ̀ mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ tún ní àwọ̀ tirẹ̀. Ojú wa máa ń tàn wá jẹ nínú ọ̀ràn yìí, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára láti sọ ohun funfun di funfun níbi gbogbo. Àwọn onímọ̀ a máa fi ìwọ̀n kan tí à ń pè ní Kelvin sọ ọ́. Iná àbẹ́là kò ju bí 1,900 lọ, ó sì pọ́n. Gílóòbù àtijọ́ tí ó ní okùn irin tín-ín-rín nínú tó bí 2,800. Oòrùn ọ̀sán gangan tó bí 5,500, fíláàṣì sì súnmọ́ ọn. Abẹ́ òjìji lọ́sàn-án lè kọjá 7,000, àwọ̀ aró sì máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ayafọ́tò bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé àti ti gílóòbù jọ bà lé ojú kan náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan yóò pọ́n, èkejì yóò dà bí ẹni tí òtútù mú. Èyí ni ó mú kí n fi aṣọ dídì bo fèrèsé sítúdíò mi, tí àwọn aládùúgbò fi ń bi mí bóyá mò ń sin ẹnì kan ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ilẹ̀ wa mọ̀ pé agbára iná mànàmáná kì í dúró lójú kan. Nígbà tí ó bá lọ sílẹ̀, kì í ṣe pé gílóòbù àtijọ́ ń ṣe bàìbàì nìkan ni, ó tún ń pọ́n sí i. Fọ́tò tí a yà ní aago mẹ́ta àti èyí tí a yà ní aago mẹ́rin kò wá ní jọra, bẹ́ẹ̀ ni a kò sún ohunkóhun kúrò ní ipò rẹ̀. Fíláàṣì sàn jù níhìn-ín, nítorí ó ń kó agbára jọ sínú kí ó tó tàn. Ní ti àwọn iná LED tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀ yanturu, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Ó lè mọ́lẹ̀ yòò, ṣùgbọ́n kí pupa inú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má tó nǹkan. Ara adúláwọ̀ tí a bá sì gba pupa kúrò lórí rẹ̀ yóò dà bí ara aláìsàn.

Ògiri pàápàá ń kun ènìyàn lójú. Ẹni tí ó dúró nítòsí ògiri aláwọ̀ ewé yóò rí i pé ewé ti wọ àgbọ̀n òun. Léèsì aṣọ ẹbí náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí ó ń dán. Eérú ni mo fi kun ògiri mi, kò sì wu ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé òyìnbó àtijọ́ kì í sọ púpọ̀ lé lórí, èyíinì ni dídán ara. Ara dúdú kì í fi ojú kan gba ìmọ́lẹ̀. Ó ń gbé e jáde bí omi ti ń gbé oòrùn jáde. Bí iná bá kéré tí ó sì le, yóò di àmì funfun ní iwájú orí àti ní imú, ìyókù ojú yóò sì wà nínú òkùnkùn. Àwọn kan a sọ pé kí a da pọ́ọ̀dà bò ó. Èmi kò fara mọ́ ọn. Mo fẹ́ràn kí n sọ iná di fífẹ̀, kí ó gba inú aṣọ funfun ńlá kan kọjá, kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́, kí n sì fi pátákó funfun dá díẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà náà ni dídán náà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí a ó sì rí bí ojú ti rí ní tòótọ́. Mo ti fi ọ̀dà sàmì sílẹ̀: ibi tí àga wà, ibi tí iná wà. Bí a bá gbé iná jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tí yóò dé ojú kò ju ìdá mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ bàtà kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọwọ́ ayafọ́tò nìkan ni ọ̀ràn yìí wà. Láyé fọ́tò dúdú-àti-funfun, irú fíìmù kan wà tí kò rí pupa rárá. Ẹni tí ó pọ́n bí epo a máa dúdú lórí rẹ̀. Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ dé, ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà a máa fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé tí ń fọ fíìmù. Àwòrán obìnrin òyìnbó ni ó wà lórí rẹ̀, Shirley ni àwọn oníṣẹ́ sì ń pè é. Bí àwọ̀ Shirley bá ti dára, wọ́n gbà pé àwọ̀ gbogbo ayé dára. Lorna Roth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Kánádà, kọ ọ́ ní ọdún 2009 pé lára ohun tí ó sún Kodak láti tún fíìmù rẹ̀ ṣe ni ẹjọ́ tí àwọn tí ń ta àga onígi àti àwọn tí ń ta ṣokoléètì ń rò, pé a kò mọ igi kan yàtọ̀ sí èkejì nínú fọ́tò wọn. Àga àti ṣokoléètì ni ó bá wa jà! Ó di àwọn ọdún 1990 kí káàdì tí ó ní obìnrin adúláwọ̀ nínú tó jáde láti Kodak.

Àwọn ènìyàn wa kò ká ọwọ́ gbera. James Barnor, tí a bí ní Accra ní ọdún 1929, lọ kọ́ ìfọfọ́tò aláwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mú un padà sí Gáná nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, rí ohun tí àwọn ayafọ́tò ń ṣe fún àwọn ìyá ìbejì, ó sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a ó ya èyí tí ó kù, a ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sójú ìwé kan, kí méjèèjì lè jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, a ó wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, a ó yà á. A ó wọ ti obìnrin fún un, a ó sì tún un yà. Ẹ wo irú ọwọ́ tí èyí ń fẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yí padà díẹ̀ láàárín ìgbà méjèèjì, ìyá náà kò ní rí ìbejì mọ́.

Èmi náà ti rí ohun tí ó jọ ọ́. Obìnrin kan mú fọ́tò ìyá rẹ̀ tí ó ti di olóògbé wá bá mi. Wọ́n ti gbé e lọ síbì kan ní ìlú mìíràn kí wọ́n lè sọ ọ́ di ńlá, ó sì padà wá bí eérú. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi dúdú, ṣùgbọ́n dúdú wọn ní pupa nínú. Ọmọ mi ń bi mí pé ta nìyí.” Kò sí fíìmù rẹ̀ mọ́, kò sì sí fọ́tò mìíràn. Mo béèrè ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ìyá náà jù lọ. Ó ní àbúrò ìyá òun ni. Wọ́n mú màmá náà wá ní ọjọ́ kejì, mo gbé káàdì eérú sí ọwọ́ rẹ̀, mo yà á, mo sì fi àwọ̀ ẹ̀yìn ọwọ́ náà ṣe ìwọ̀n lórí kọ̀ǹpútà. Ó gbà mí tó ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, màmá náà kò sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé fọ́tò náà sí itan rẹ̀, ó sì ń fi àtàńpàkò nu ojú gíláàsì rẹ̀.

Lóde òní, àwọn tí ń ṣe fóònù ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2021 ni Google gbé fóònù kan jáde tí a dìídì tún ṣe kí àwọ̀ adúláwọ̀ lè bọ́ sípò. Ní ọdún 2022, wọ́n tún fi àtẹ àwọ̀ ara mẹ́wàá léde, èyí tí Ellis Monk, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ṣètò. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn fóònù mìíràn wà tí wọ́n ń bó ènìyàn láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wọ́n, àwọn oníbàárà mi sì ti fi ojú sí i. Ọmọbìnrin a jókòó, a wo ara rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, a ní, “Bọ̀dá, ẹ bá mi jẹ́ kí n pupa díẹ̀.” Bí ó bá jẹ́ fọ́tò ìwé ìdánwò tàbí ti ìwé ìrìnnà, n kò ní dáhùn rárá. Bí ó bá jẹ́ ti ọjọ́ ìbí tàbí ti ìgbéyàwó, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́kọ́ gbé èyí tí ó jọ ọ́ lọ sílé, kí ó padà wá bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn kan ń padà wá, wọ́n sì ń bínú. Ọ̀kan padà ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo sì ti ń múra àwíjàre. Ó ní ìyá-ìyá òun ti gba fọ́tò náà lọ́wọ́ òun, kò sì fẹ́ dá a padà. Kí n jọ̀wọ́ tẹ méjì sí i, ọ̀kan fún òun, èkejì fún àbúrò ìyá-ìyá náà ní Ọ̀fà.