Àwọ̀n tiwa, ìgèrè bàbá

Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́ta gbé àwọ̀n lọ sí etí odò Ọpa, nínú ọgbà fásitì wa ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹja la nílò fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá. Àwọ̀n ọ̀rá funfun ni, ojú rẹ̀ kéré bí ojú asẹ́ ògì. A kò bi ẹnikẹ́ni kí a tó rà á. Òun ló rọjú jù, ẹ ṣáà mọ bí àpò akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń rí.

Nígbà tí a fà á jáde, ó kún fọ́fọ́. Inú wa dùn títí a fi dà á sínú ike. Ọmọ ẹ̀pìyà ni gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó gùn ju ìka lọ. Mẹ́rin péré la rí lò, ìyókù ti kú.

Bàbá kan tó ń dẹ ìgèrè nítòsí ń wò wá. A kí i, ó dáhùn, kò bú wa. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ti ọdún tó ń bọ̀ lẹ kó jáde yẹn." Ojú tì wá.

Ó jẹ́ kí a gbé ìgèrè rẹ̀ wò. Imọ̀ ọ̀pẹ tó là wẹ́wẹ́ ló fi hun ún. Ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ṣùgbọ́n ẹnu kejì wà nínú tó ń fún lọ sẹ́yìn. Ẹja á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, bó bá fẹ́ jáde, ṣóńṣó igi ni yóò pàdé. Ẹyìn ni ìdẹ. Ó ń dẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́, ó ń wò ó láàárọ̀. Àlàfo àárín igi ló yà wá lẹ́nu jù: ìka ló fi wọ̀n ọ́n, kí ọmọ ẹja lè rí ọ̀nà jáde.

Lẹ́yìn náà la kà nípa àwọn Tlingit àti Haida, ní etí òkun Alaska àti Kánádà. Láyé àtijọ́, igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pa ẹja ńlá kan tí wọ́n ń pè ní halibut, egungun sì ni wọ́n ń fi ṣe ṣóńṣó rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí kì í jẹ́ kó mú èyí tó kéré jù, kì í sì í mú èyí tó tóbi jù, tó sábà máa ń jẹ́ abo tó ń yé ẹyin. Bàbá kò gbọ́ orúkọ wọn rí.

A kò ní purọ́, àwọ̀n ọ̀rá wà nínú ọkọ̀ bàbá náà, ọjọ́ tí ebi bá pa ilé ló ń lò ó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wa ọ̀kadà, kò sí èyí tó mọ ìgèrè hun. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ìlàjẹ tí bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ apẹja, kò mọ̀ ọ́n hun bákan náà.

A ra ìgèrè kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi dẹ ẹ́ kí ẹja tó tó wa lò, àpilẹ̀kọ wa sì pẹ́.