Àpótí Tó Gbọ́dọ̀ Dákẹ́

Ní ọdún 1998, nígbà tí mo ń wá ọ̀rọ̀ jọ fún oyè ọ̀mọ̀wé mi, mo gba ìlù bàbá onílù kan sínú kásẹ́ẹ̀tì níbi ìnáwó. Bàbá náà ti re ibi àgbà ń rè. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló kù tí a fi lè gbọ́ ọwọ́ rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ kò jogún ọ̀pá ìlù. Fọkanáísà ni ní Òjóò níhìn-ín, kò sì jìnnà sí ilé mi. Nígbà tó gbọ́ pé ohùn ìlù bàbá òun wà lọ́wọ́ mi, ó wá. Mo fi ẹ̀rọ kékeré tí mo ní lù ú fún un. Ó tẹ́tí díẹ̀, ó ní, "Dókítà, ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n kànnàǹgó ni mò ń gbọ́ yìí. Ìyáàlù bàbá mi kọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun, nítorí òótọ́ ni.

Mo tọ atúnrédíòṣe kan lọ. Ó fi ègé iná TDA2030 to ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan fún mi, ó sì so ó mọ́ sípíkà oníńṣì 8. A gbé e sórí tábìlì lásán, ìlù sì tún ń ké tíntín. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé bí awọ sípíkà ti ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ló ń fà á lẹ́yìn. Bí ohùn iwájú àti ti ẹ̀yìn bá pàdé létí rẹ̀, wọn a pa ara wọn, ohùn ìsàlẹ̀ a sì kọ́kọ́ kú. Àpótí ló ń là wọ́n. Àwọn àgbà tó mọ Rediffusion, èyí tó dé Ìbàdàn ní 1939, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tó ti dé Èkó, kò gbàgbé àpótí onígi tí a ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ̀ṣọ́ lásán ni mo ti ka igi ara rẹ̀ sí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, olùkọ́ àṣà ni mí, ìmọ̀ ìlù ni mo sì gbé lọ síbi àpótí. Àwọn onílù wa gbà pé igi ọmọ tó bá hù lẹ́bàá ọ̀nà, tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn láti kékeré, ni í sọ̀rọ̀ jù bí a bá gbẹ́ ẹ ní ìlù. Ni mo bá gba ọjà pákó Bódìjà lọ, mo ń bèèrè igi ọmọ. Ẹlẹ́pákó rẹ́rìn-ín títí. Pákó ọ̀gànwó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo rà bọ̀. Káfíńtà kàn án, mo fi ìka lù ú, ó dún kooro, inú mi dùn.

Ìdùnnú òmùgọ̀ ni. Bí ìyáàlù bá ti sọ̀ kalẹ̀, àpótí a bá a hùn, kò sì sẹ́ni tó lè mọ ohun tí onílù ń wí mọ́. Ó gbà mí tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mọ àṣìṣe mi. Ara ìlù gbọ́dọ̀ bá awọ sọ̀rọ̀. Ara àpótí sípíkà gbọ́dọ̀ dákẹ́, kí ẹni tí a torí rẹ̀ kàn án lè rí àyè sọ tirẹ̀.

A tú u ká. Puláíwúùdù tó nípọn tó mílímítà 18 la fi kan èkejì. A fi igi dábùú inú rẹ̀ kó má baà gbọ̀n, a po ìyẹ̀ pákó mọ́ gúlúù láti dí gbogbo ojú àlàfo, a sì fi òwú tẹ́ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ní yàrá tirẹ̀ lẹ́yìn, a lu ihò sí i nítorí ooru. Káfíńtà fẹ́ fi fọ́mékà bo gbogbo rẹ̀. "Ọ̀gá, yóò máa dán gbinrin ni!" Mo kọ̀. Pákó ọ̀gànwó ti àkọ́kọ́ ni mo ní kó fá, kó sì lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. A fi sáńpépà líle ha á, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná, ká máa tẹ̀lé ojú ìrísí igi. Oṣù Keje ni. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sọ ọ̀dà dídán tí a kọ́kọ́ kùn di funfun bí ẹni tó ta àfun. A ha á dànù, a dúró de oòrùn, a tún kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ọmọ onílù dé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ dá a padà díẹ̀, Dókítà."

Mo dá a padà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ sínú ìwé oyè mi pé *ọkọ dé*, tí mo sì fi odidi ojú ìwé kan tú bí onílù ṣe ń fi oyè ọkọ yẹ́ onínàwó sí.

"Ọkọ̀ dé ni bàbá ń wí," ó ní. "Onímọ́tò ni onínàwó ọjọ́ náà. Ọkọ̀ tuntun tó rà ni wọ́n ń kì. Èmi náà wà níbẹ̀."

Mo tún un lù lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn ìsàlẹ̀ ni lóòótọ́. Mo dìde, mo lọ mú ìwé oyè mi lórí pẹpẹ, mo sì ń wá pẹ́ńsù kiri.