Balùwẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ògiri tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín yìí, èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi mú un lanu.

Ilé alámọ̀ ni bàbá àgbà wa kọ́ sí ìsàlẹ̀ Òkè Màpó ní Ìbàdàn. Ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ wà, ó fara ti ògiri yàrá ìyá àgbà. Kò ní òrùlé. Bí ènìyàn bá ń wẹ̀, ojú ọ̀run ni yóò máa wò. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tò sílẹ̀, èèpo ẹkùrọ́ ni wọ́n sì fi dí àárín wọn. Ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀yìn, omi ìwẹ̀ a sì máa gba abẹ́ ògiri jáde lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìwẹ̀ nìkan ni a ń wẹ̀ níbẹ̀; ṣáláńgá wà lọ́tọ̀.

Ní àkókò òjò ọdún 2019, ìyá àgbà yọ̀ ṣubú lórí òkúta wọ̀nyí, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin kí ó lọ gba ìtọ́jú. Bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì dá owó jọ pé kí a tún balùwẹ̀ ṣe. Nítorí pé mo wà ní ìsinmi, tí mo sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, èmi ni wọ́n ní kí n máa bójú tó iṣẹ́ náà. Ẹ ò rí i pé wọ́n fi oyè jẹ mí! Mo fi bírò há etí, mo ń pàṣẹ kiri.

Kí ìyá àgbà tó lọ, ó pè mí. Ó ní, "Àlàó, ohun méjì ni mo bẹ̀ ọ́. Ẹ má ṣe gbẹ́ igun apá ọ̀tún yẹn. Ẹ má sì ṣe dínà fún omi." Mo bi í pé kí ni ìdí rẹ̀. Ó ní kí n sáà gbọ́ tòun. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmá." Ṣùgbọ́n etí lásán ni mo fi gbọ́.

Bíríkìlà tí ó bá wa ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọmọdé. Ó ní, "Àbúrò, ògiri amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì kì í ṣọ̀rẹ́. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì bo amọ̀, omi tí ó bá wọ inú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Ẹ jẹ́ kí a mọ ògiri búlọ́ọ̀kù sí iwájú rẹ̀, kí a fi àlàfo díẹ̀ sáàárín. Kí ilẹ̀ sì fi sẹ̀ǹtímítà 2 rẹlẹ̀ sí ẹ̀yìn ní mítà kọ̀ọ̀kan." Mo ní owó kò tó. Irọ́ ni mo pa. Owó tó, táìsì funfun kan tí ń dán bíi dígí ni mo ti rí ní ìsọ̀, tí ọkàn mi ti lọ sí i. Mo ní kí ó rẹ́ ògiri ní sìmẹ́ǹtì, kí ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ tẹ́jú kí táìsì lè jókòó dáadáa.

Igun apá ọ̀tún náà ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ fún páìpù. Wọ́n bá àfọ́kù ìkòkò kéékèèké níbẹ̀. Bíríkìlà dáwọ́ dúró, ó wò mí. Mo ní kí wọ́n kó o mọ́ pàǹtí. Pàǹtí náà ni àwọn ọmọ àdúgbò fi dí kòtò ojú ọ̀nà.

Nígbà tí ìyá àgbà dé, gbogbo ilé ń yìn mí. Ó wọ balùwẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní ìdí ògiri. Sìmẹ́ǹtì ń ṣí bí èèpo ẹyin. Ògiri yàrá ìyá àgbà rin, ó sì wú. Bàbá mi ránṣẹ́ pè mí láti ilé ìwé. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá àgbà tó là mí lóye.

Ó ní, "Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo bí sí ilé yìí. Igun yẹn ni bàbá yín sin ibi gbogbo wọn sí. Mẹ́ta ló kù láyé. A kì í fi sàréè ọmọ han ìyá rẹ̀, nítorí náà n kò mọ ibi tí wọ́n sin àwọn mẹ́fà yòókù sí. Igun yẹn nìkan ni mo mọ̀. Omi ìwẹ̀ mi ni mo fi ń kí wọn láràárọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ó ní kí n dìde, pé ẹni tí kò mọ̀ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé wọ́n sọ fún mi.

A tún un ṣe. Bíríkìlà yẹn kan náà ni mo lọ bẹ̀. Ó wú táìsì, ó ha sìmẹ́ǹtì kúrò lára amọ̀, ó fi amọ̀ tún ògiri rẹ́, ó wá mọ búlọ́ọ̀kù síwájú rẹ̀ pẹ̀lú àlàfo. Ó fi ìgbálẹ̀ fa ojú ilẹ̀ nígbà tí sìmẹ́ǹtì kò tíì gbẹ, kí ẹsẹ̀ lè rí ibi dì mú. Ó fi irin sára ògiri tí ìyá àgbà yóò máa dì mú. Omi ń ṣàn. A kò da sìmẹ́ǹtì sí igun apá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni omi ń gbà kọjá kí ó tó dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Owó oúnjẹ mi ní sáà náà ni mo fi ra yanrìn àti sìmẹ́ǹtì, gàrí ni mo sì mu dé ìdánwò.

Àwọn àfọ́kù ìkòkò kò ṣeé rí mọ́. Mọ́tò ti tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìyá àgbà ní kí n pọn omi kún korobá kan. Mo rò pé ó fẹ́ wẹ̀ ni. Ó ní, "Rárá o, ìwọ ni kí o dà á síbẹ̀." Mo dà á sí igun náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a ó gboyè, a ó sì padà lọ tún ilé àwọn bàbá wa ṣe. Kí a tó gbé ọkọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ẹni tí ń gbé ibẹ̀ léèrè, kí a sì dúró gbọ́ èsì.