Páálí Dáínósọ̀ Méjì ní Ìkẹ́nnẹ́

Páálí méjì ni ó wà lórí tábìlì ní pálọ̀ bàbá àgbàlagbà kan ní Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ. Àwòrán ẹranko eléyín ṣóńṣó kan náà ni ó wà lára àwọn méjèèjì, ó la ẹnu bí ẹni tí ó fẹ́ gbé ọmọdé mì. Ọjà Ṣàgámù ni wọ́n ti ra ọ̀kan. Ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èkejì ti wá. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan jókòó sí àárín wọn, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí adájọ́ tí ẹjọ́ rú lójú.

Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta fún ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ṣàgámù, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, ni ó ti ń jẹun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ọmọ náà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n sì fi ọmọ wọn sílẹ̀ sọ́dọ̀ bàbá àti ìyá títí ọwọ́ wọn yóò fi mókè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ojú wọn a hàn nínú fóònù. Láti ọjọ́ Àìkú kan sí òmíràn, bàbá àgbà àti ìyá àgbà ni bàbá àti ìyá ọmọ náà.

Nígbà tí Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún, ń sún mọ́lé ni ọmọ náà sọ pé dáínósọ̀ oníbíríkì ni òun fẹ́. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ti mú ọ̀kan wá sí ilé-ìwé. Dáínósọ̀ ni àwọn abàmì ẹranko àtijọ́ tí wọ́n kú àkúrun ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ ìwòyí mọ̀ wọ́n ju etu àti ìgalà inú igbó Rẹ́mọ lọ. Bàbá wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù, ó rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, títí ó fi rí páálí ńlá kan. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó àpò sìmẹ́ńtì kan. Bí ẹni tí ó lo ayé rẹ̀ nídìí sìmẹ́ńtì ṣe máa ń wọn owó nìyẹn. Ó ná an, ó sanwó, ó fi í há abíyá, ó sì ń yọ̀ bọ̀ wálé.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ìwé àlàyé inú páálí náà kéré, àwòrán rẹ̀ sì ṣú. Nígbà tí wọ́n ka bíríkì, méjì kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹranko náà kò di ara mú. Bí wọ́n bá sì ti gbé orí lé ọrùn, ọrùn a já bọ́. Wọ́n tò ó, ó wó. Wọ́n tún un tò, ó tún wó. Ní ìgbà karùn-ún, ọmọ náà kò sunkún, kò sì bínú. Ó rọra kó gbogbo rẹ̀ padà sínú páálí, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá àgbà.” Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn dun bàbá ju ẹkún lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ẹnì kan tí ó ti Manchester bọ̀ gbé páálí kejì wá. LEGO ni. Bíríkì 174 ni ó wà nínú rẹ̀, ẹranko mẹ́ta sì ni a lè fi wọ́n kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Tyrannosaurus rex, Triceratops oníwo mẹ́ta, àti Pterodactyl tí ń fò, èyí tí àwọn onímọ̀ kà sí ìbátan dáínósọ̀, tí kì í ṣe dáínósọ̀ gan-an. Kò sí ohun tí ó dín. Bíríkì wọ bíríkì, ó dún kẹ́. Kí wákàtí kan tó pé, ẹranko àkọ́kọ́ ti dìde dúró, ó la ẹnu, ó sì lè yí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí bàbá ṣírò owó rẹ̀ sí náírà, ó tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ọmọ náà gbé ẹranko náà sókè, ó sì sọ̀rọ̀ kan láìní ibi nínú: “Bàbá àgbà, ti òyìnbó ló dáa. Tiwa kì í dáa.”

Bàbá kò fèsì. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn ún ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ bá ti gbà pé ohun tí ó wá láti ibi tí òun wà kò lè dára, kí ni yóò sọ nípa ilé tí òun ń gbé, àti nípa ẹni tí ó ń tọ́ òun? Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó wọ ìgò ojú rẹ̀, ó sì fi ìdí páálí ọjà Ṣàgámù sókè. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. “Tiwa” tí ọmọ ń wí kì í ṣe tiwa rárá. Ọ̀nà jíjìn ni àwọn páálí méjèèjì ti wá. Owó tí wọ́n fi rà wọ́n ni kò dọ́gba.

Ó yẹ kí òbí mọ ìtàn bíríkì yìí kí ó tó náwó. Káfíńtà kan ní ìlú Billund, ní ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, Ole Kirk Christiansen, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi gbẹ́ ohun ìṣeré ní 1932. Láti inú ọ̀rọ̀ èdè wọn tí ó túmọ̀ sí “ṣeré dáadáa” ni ó ti yọ orúkọ LEGO. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1958 ni ilé-iṣẹ́ náà béèrè fún ìwé àṣẹ lórí bíríkì oníke tí a mọ̀ lónìí: kókó roboto wà lórí rẹ̀, ihò àti ọ̀pá kéékèèké sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ń fún kókó bíríkì mìíràn mọ́ra. Bíríkì tí wọ́n ṣe ní 1958 ṣì ń wọ inú èyí tí wọ́n ṣe lónìí. Ohun tí owó ń san fún nìyẹn: kí mọ́ọ̀dù má fi ìwọ̀n tí ó tó fífẹ̀ irun orí kan yẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í wà títí ayé. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíríkì tí ó bá a mu. LEGO gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Yúróòpù. Ní oṣù Kẹsàn-án 2010, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nínú àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù dájọ́ pé a kò lè fi ìrísí bíríkì náà ṣe àmì-ìdánimọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, nítorí pé iṣẹ́ tí bíríkì ń ṣe ni ó fún un ní ìrísí náà. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣe bíríkì tí ó jọ ti LEGO kì í ṣe olè, bí kò bá ti fi orúkọ LEGO sí i lára. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe é dáadáa. Àwọn kan ń ṣe é jákujàku. Ojú àti ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá pe ọmọ náà sí tábìlì, ó ní kí àwọn yẹ páálí méjèèjì wò bí wọ́n ṣe ń yẹ òkúta wò níbi iṣẹ́ òun, láìbèèrè ibi tí òkúta ti wá. Wọ́n kọ́kọ́ so bíríkì mẹ́wàá mẹ́wàá pọ̀, wọ́n sì gbé wọn sókè láti orí: ti Manchester dúró gbọnyin, ti Ṣàgámù já sí méjì. Wọ́n fọwọ́ pa etí wọn: ti Ṣàgámù ní ìgúnlọ́wọ́ níbi mélòó kan. Wọ́n wo ìwé àlàyé: ọmọdé lè dá tẹ̀ lé ti Manchester, ti Ṣàgámù ń fẹ́ àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ka iye ẹranko tí páálí kọ̀ọ̀kan lè dà: mẹ́ta sí ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni ọmọ náà rò pé ẹjọ́ parí sí. Bàbá béèrè ìbéèrè kan sí i: “Èwo ni o ti jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò fọwọ́ kàn?” Ọmọ náà dákẹ́. Láti ọjọ́ tí páálí Manchester ti dé, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ó ń gbé, ọmọ aládùúgbò kankan kò sì tíì fọwọ́ bà á. Ti Ṣàgámù ni gbogbo wọn ti fi kọ́ ilé, tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀, tí wọ́n sì tú ká láìsí ẹni tí àyà rẹ̀ já. Ohun tí kò wọ́n ní àǹfààní tirẹ̀: a kì í bẹ̀rù láti bà á jẹ́.

Ohun kan wà tí àwọn páálí méjèèjì fi dọ́gba. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ọmọ ẹ̀gbọ́n tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta rìn wọ pálọ̀, ó ṣa bíríkì kékeré kan nílẹ̀, ó sì jù ú sẹ́nu. Ìyá àgbà ni ó rí i, tí ó tètè fi ìka yọ ọ́. Àmì pé kò yẹ fún ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́ta wà lára páálí méjèèjì. Kò sí bí bíríkì ṣe lè wọ́n tó tí kò lè há ọmọ ìkókó lọ́fun. Kí ẹni tí ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé máa fi àwo kó bíríkì jọ, kí ó sì máa kà wọ́n kí ó tó sùn.

Nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀, ọmọ náà béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé àlàyé kankan: “Bàbá àgbà, ṣé dáínósọ̀ wà ní Ṣàgámù rí?”

Bàbá dìde, ó mú òkúta funfun kan tí ó fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Àmì karawun ẹran omi kan wà lára rẹ̀, ó hàn ketekete. Ó ṣàlàyé pé òkun ni ó bo ibẹ̀ nígbà tí òkúta sìmẹ́ńtì Ṣàgámù àti ti Ewékorò ń dì. Karawun àwọn ẹran òkun ni ó kóra jọ di òkúta. Àwọn dáínósọ̀ sì ti kú tán kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kò sí egungun wọn nínú òkúta yẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò jìnnà. Ní Gadoufaoua, nínú aṣálẹ̀ Ténéré ní orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa ní òkè ọya, ni wọ́n ti wa egungun Nigersaurus jáde, ẹranko tí ó lo ayé rẹ̀ ní ohun tí ó ju mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn. Ní 1999 ni àwọn onímọ̀ fún un lórúkọ. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ bí ṣọ́bìrì, eyín rẹ̀ lé ní 500, ewéko ni ó sì ń jẹ. Tyrannosaurus àti Triceratops, ní tiwọn, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé.

Ọmọ náà wá inú páálí méjèèjì. Kò sí Nigersaurus níbẹ̀.

“A ó kọ́ ọ,” ni bàbá wí.

Ní Ìkẹ́nnẹ́ yìí kan náà ni Tai Solarin ti dá Mayflower School sílẹ̀ ní 1956, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti jẹ́ ara ẹ̀kọ́ bí ìwé kíkà. Lórí tábìlì yẹn, irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó páálí Manchester jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó dà á pọ̀ mọ́ ti Ṣàgámù. Wọ́n bá ara wọn mu. Bíríkì mẹ́fà péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó mẹ́jọ, tí àwọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n lé ní mílíọ̀nù 915; mélòó mélòó ni àkójọ páálí méjì? Ìka bàbá ti nípọn jù láti yọ àwọn tí ó kéré. Ojú ọmọ kò sì tíì mọ ibi tí ẹrù yóò ti wúwo. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Bàbá ní kí èyí tí ó dì mọ́ra jẹ́ ẹsẹ̀ àti ọrùn, kí èyí tí kò lágbára jẹ́ ìrù tí yóò sùn sílẹ̀, kí àwọn pẹlẹbẹ sì jẹ́ ẹnu. Bí wọ́n ti ń tò ó, ó sọ fún un bí ìlú mẹ́tàlá ṣe para pọ̀ di Ṣàgámù ní nǹkan bí 1872: agbára wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n wọ́n wá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, fóònù dún. Ojú bàbá ọmọ náà yọ láti Manchester, ó rẹ̀ ẹ́, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó béèrè bóyá páálí tí òun fi ránṣẹ́ dára. Ọmọ náà gbé ẹranko ẹlẹ́nu ṣọ́bìrì síwájú fóònù, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ bí ti aṣọ onírẹ́pẹtẹ̀. Bàbá rẹ̀ wò ó títí, kò mọ̀ ọ́n.

“Èwo ni mo rà nínú rẹ̀?”

“Ẹsẹ̀ àti ọrùn ni tiyín, Dádì. Ìrù àti ẹnu ni ti Bàbá àgbà.” Ọmọ náà yí ẹranko náà padà kí bàbá rẹ̀ lè rí i dáadáa. Ìrù já bọ́ sílẹ̀. Ó ṣà á, ó sì fi í padà sí àyè rẹ̀.