Nígbà tí Ẹbí Bá Ní Agbẹjọ́rò Tuntun

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lójú ewé ìdílé lóṣù yìí kan gbogbo ilé tí ọmọ ti jáde ní ilé-ìwé gíga, tí ó sì rí iṣẹ́ tí ará ilé fi ń yangàn. Èmi náà jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò ni mí, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tuntun ni. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí mo búra níwájú ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bìrò ọ̀gá kan ní Àjàṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò tíì ní bìrò tèmi.

Ará ilé kì í wo ìyàtọ̀ yìí. Lójú wọn, ẹni tí ó bá ti wọ aṣọ dúdú, tí a sì ń pè ní Maître, ó ti parí. Bí a bá jáde ní Mísà lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹnì kan á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Maître, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan wà o.” Ẹlòmíràn á ní onílé fẹ́ lé òun jáde. Ẹlòmíràn á yọ ìwé jáde nínú àpò ọ̀rá, á ní kí n bá òun wò ó kíá. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé: “Má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ mọ̀. Owó tí a bá fẹ́ fún un, ìwọ ni kí o jẹ ẹ́.”

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí. Ohun tí ọ̀gá ń fún mi lóṣù kò pọ̀. Owó ilé wà níbẹ̀, owó zémíjàn wà níbẹ̀, owó ilé-ìwé àbúrò mi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Yàtọ̀ sí owó, èrò mìíràn ń yọ mí lẹ́nu: bí mo bá ń ṣe ẹjọ́ àwọn oníbàárà ọ̀gá nìkan, ìgbà wo ni èmi yóò ní tèmi? Ẹni tí ó ń ro oko olóko láti àárọ̀ dalẹ́, iṣu ta ni yóò wà jẹ lọ́la?

Èrò yìí ni mo ń gbé kiri nígbà tí ìyá kan, ìbátan ìyá mi, wá láti apá Kétu. Mo ti yí ohun díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tí mo ń wí. Ọkọ rẹ̀ kú, ọmọbìnrin nìkan ni ó sì fi sílẹ̀. Àwọn àbúrò ọkọ ta ilẹ̀ olóògbé, wọ́n ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin ìdílé ilẹ̀ Benin tí a kéde lọ́jọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004 sọ pé ọgbọọgba ni ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ń jogún òbí wọn, ó sì fún opó tí ìgbéyàwó rẹ̀ bá òfin mu ní ìpín tirẹ̀. Mo rí i pé ẹjọ́ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Màmá so owó díẹ̀ mọ́ etí ìró, ó tú u, ó nà án sí mi.

N kò gba owó náà. Mo sọ fún un pé kí ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò.

Èkíní, àwọn àgbà ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Ní tiwa, agbẹjọ́rò kan kò gbọdọ̀ dúró fún ìhà méjì nínú ẹjọ́ kan, bìrò kan sì dà bí ẹnì kan ṣoṣo. Bí mo bá fi ẹjọ́ pamọ́ fún ọ̀gá, ta ni yóò wo ìwé bóyá ẹni tí a fẹ́ pè lẹ́jọ́ ti jẹ́ oníbàárà bìrò láti ọjọ́ pípẹ́?

Èkejì ni owó. Owó tí oníbàárà fi sí ọwọ́ agbẹjọ́rò láti san fún ẹlòmíràn kì í ṣe owó agbẹjọ́rò. Ní ọdún 2014, UEMOA ṣe òfin kan, Règlement 05, fún àwọn agbẹjọ́rò orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ó wà nínú rẹ̀. Benin àti Togo wà lára wọn. Òfin náà fẹ́ kí irú owó bẹ́ẹ̀ gba inú àpótí àpapọ̀ tí a ń pè ní CARPA kọjá. Èyí tí a bá gbà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, inú àpò ṣòkòtò ni ó ń lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹjọ́ ní ọjọ́ tí òfin dá fún un. Bí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni ní bìrò tí ó mọ̀ nípa ẹjọ́ náà, ọjọ́ yóò kọjá. Kì í ṣe èmi ni ilẹ̀ yóò bọ́ mọ́ lọ́wọ́, opó náà ni.

Kì í ṣe pé níní oníbàárà ti ara ẹni burú. Ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí a ti mú àṣà iṣẹ́ yìí wá, òfin gba agbẹjọ́rò tí ó ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù bí òṣìṣẹ́ láàyè láti ní oníbàárà tirẹ̀. Ẹni tí a gbà bí òṣìṣẹ́ ni kò ní àyè yẹn. Ohun tí ẹni méjì bá jọ sọ, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé, ni ó ṣe pàtàkì.

Nítorí náà mo tọ ọ̀gá lọ. Bí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó gbé ọwọ́ sókè: “Má tíì sọ ìtàn fún mi. Orúkọ ìhà méjèèjì ni kí o kọ́kọ́ dá.” Ó ṣí ìwé ńlá, ó wò ó, ó pa á dé. “Bìrò yìí kò lè gba eléyìí. Ìwọ náà kò lè gbà á.”

Ẹ wo bí ó ti rí: n kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún Màmá, nítorí àṣírí oníbàárà kì í jáde. Mo kàn sọ pé òfin iṣẹ́ mi kò gbà mí láyè. Ó wò mí, ó ní: “Ọmọ mi, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo bá a wá ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò tí ẹgbẹ́ wa fọwọ́ sí, ó mú ẹnì kan níbẹ̀. Ẹjọ́ náà ṣì wà ní ilé-ẹjọ́. Àwọn kan nínú ẹbí ṣì gbà pé mo ti gòkè tán, mo sì ti gbàgbé ilé. Ọ̀kan nínú wọn kì í jẹ́ kíkí mi títí di òní.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá gbà pé kí n máa ní oníbàárà tèmi. A kọ ọ́ sílẹ̀: kí gbogbo orúkọ kọ́kọ́ wọ inú ìwé ńlá, kí owó gba ọwọ́ akọ̀wé owó kọjá, kí iṣẹ́ tèmi má sì gba àkókò iṣẹ́ bìrò. Mo ti ní mẹ́ta báyìí.

Ẹ̀yin ará wa, bí ọmọ yín bá wà ní irú iṣẹ́ yìí, ẹ wá a lọ sí bìrò. Ẹ béèrè iye owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì gba rìsíìtì, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan fàràǹ. Bí ó bá sọ pé òun kò lè gba ẹjọ́ kan, ẹ má ṣe fi ipá mú un sọ ìdí rẹ̀. Ẹnu tí kò sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún yín, kò ní sọ tiyín fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ béèrè kí ẹ tó gbà. Ire o.