Ọkọ̀ Onígbòkun Tí O Fẹ́ Rà Yẹn

Èjìgbò,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni ìyá àwọn ìbejì? Gbogbo ará Èjìgbò tó wà lọ́dọ̀ yín ní Treichville, ní Abidjan, ńkọ́? Ilé tòrò, a dúpẹ́. Bọ́ọ̀sì Abidjan tó wọlé lánàá ti gbé ẹrù tí o fi ránṣẹ́ dé. Ìyá ti gba tiwọn, àdúrà ni wọ́n ń ṣe fún ọ láti àárọ̀.

Mo ti wo fídíò ọkọ̀ onígbòkun tí alágbàtà fi ránṣẹ́ sí ọ láti Bàrígà ní Èkó. Mo wò ó ní àwòtúnwò. Òpó rẹ̀ dúró ṣánṣán, atẹ́gùn kún inú ìgbòkun rẹ̀, ó sì wu ojú. Ṣùgbọ́n òkè omi nìkan ni fídíò yẹn fi hàn wá, bẹ́ẹ̀ abẹ́ omi ni ohun tí o fẹ́ fi owó rẹ rà wà. Jọ̀wọ́, má tíì san kọ́bọ̀, kódà kó jẹ́ àsansílẹ̀, títí wọn yóò fi fa ọkọ̀ náà gòkè, tí ẹni tó mọ igi yóò fi wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò ó.

Nǹkan méjì ló kọ mí lóminú. Ọ̀dà dúdú tuntun wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ òsì kò sì ní. Ta ní ń kun ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bí kò bá sí ohun tó fẹ́ bò mọ́lẹ̀? Bákan náà, ọmọkùnrin kan wà ní ìdí ọkọ̀ tó ń fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé gbọ́n omi dànù ní gbogbo ìgbà tí alágbàtà ń sọ̀rọ̀. Kò sí ọkọ̀ onípákó tí kì í jò. Bí omi ṣe ń yára wọlé sí ni kí a bi ara wa.

Má rò pé mo fẹ́ dá ọ dúró o. Èrò rẹ láti ra ọkọ̀ fún àbúrò rẹ dára. Àbúrò rẹ ti pẹ́ tó ń mòòkùn nínú ọ̀sà lábẹ́ ọlọ́kọ̀, tó ń fi garawa kó yanrìn láti ìsàlẹ̀ omi, tó sì ń gun àkàbà padà sókè. Ó tó kó ní ọkọ̀ tirẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọkọ̀ tí atẹ́gùn ń tì ti ní iyì tí ẹlẹ́ńjìnnì kò ní: kì í mu bẹntiróòlù. Ìdí nìyẹn tí ìgbòkun alábùlẹ̀ wọ̀nyẹn, tí wọ́n fi tapólì àti àpò rán, ṣì fi wà lórí ọ̀sà Èkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Third Mainland títí dòní.

Igi ni kí o kọ́kọ́ bèèrè. Nígbà tí mo wà ní ìdí iṣẹ́ pákó ní Òkò Bàbá ní Èkó, mo rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń ra ọkọ̀ àlòkù kì í béèrè irú igi tí wọ́n fi kàn án. Ìrókò dára. Ẹ̀kí náà dára, ó le gan-an, ó sì wúwo. Ṣùgbọ́n ọkàn igi nìkan ni mo ń wí. Apá funfun tó sún mọ́ èèpo kì í bá ẹnikẹ́ni pẹ́ nínú omi, ì báà jẹ́ ti ìrókò. Àwọn kan máa ń ti irú pákó bẹ́ẹ̀ mọ́ àárín àwọn tó dára, kí owó wọn lè dín. Kí ẹni tó bá lọ wò ó ha ọ̀dà kúrò díẹ̀díẹ̀ ní ibi púpọ̀, kó wo àwọ̀ igi náà.

Ohun tó burú jù lọ kò ṣeé fi ojú lásán rí. Kòkòrò kan ń gbé inú igi nínú omi oníyọ̀. Ẹbí ìgbín ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gùn gbọọrọ. Láti kékeré ló ti ń wọlé, ihò tó ń gbà wọlé kì í ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Tó bá ti wọlé tán, á máa jẹ igi, á máa tóbi, títí ihò inú yóò fi gba ìka ọwọ́. Bí ẹ̀wà tí kòkòrò jẹ ni: èèpo ń dán, inú ti ṣófo. Ọ̀sà Èkó kì í ní iyọ̀ bákan náà yípo ọdún. Nígbà òjò, omi odò a fọ iyọ̀ rẹ̀ dànù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a gòkè wọ inú rẹ̀, ìgbà náà sì ni kòkòrò yìí ń rí ayé jẹ. Nítorí náà, bi ẹni tó ni ọkọ̀ bóyá ó ń fà á gòkè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí oòrùn lè pa kòkòrò náà. Bó bá ní òun kò fà á gòkè rí, ìwọ náà mọ ohun tí o máa bá nínú rẹ̀. Ìwọ gan-an lè fi ojú ara rẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ kòkòrò yìí ní Abidjan lọ́hùn-ún. Omi òkun ń gba ọ̀nà omi Vridi, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1950, wọ ọ̀sà Ébríé. Lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ onípákó níbẹ̀, kí wọ́n fi pákó tí kòkòrò ti jẹ hàn ọ́.

Bí wọ́n bá ti fa ọkọ̀ náà gòkè, kí káfíńtà mú òòlù kékeré, kó máa kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti iwájú títí dé ìdí. Igi tó yè a máa dún gan-an. Èyí tó ti ṣófo, ohùn rẹ̀ á rì. Níbi tó bá ti rì, kó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ òpó wò dáadáa, níbi tó ti wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nítorí omi òjò máa ń dúró síbẹ̀, igi a sì jẹrà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹ wo ìṣó náà. Tí ìpẹtà bá ti ṣàn sára pákó yí orí ìṣó ká, ó lè jẹ́ pé ìṣó ti tín-ín-rín nínú igi, pákó kan lè ṣí nígbà tí ẹrù bá wà nínú rẹ̀.

Ẹrù náà kì í ṣe kékeré. Yanrìn tútù tó kún àpótí tí gbogbo ìhà rẹ̀ jẹ́ mítà kan sún mọ́ tọ́ọ̀nù méjì. Ọkọ̀ tó ti ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti ọdún mọ́dún, ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti tẹ̀. Kí wọ́n na okùn láti iwájú dé ìdí rẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ìsàlẹ̀ ti wọ́. Bí pákó kan tàbí méjì bá bàjẹ́, ẹ fi dúnàádúrà, nítorí pákó ṣeé pààrọ̀. Bó bá jẹ́ igi gbọọrọ tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró ló wọ́ tàbí tó jẹrà, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀, kí ẹ máa lọ. Ó sàn kí ẹ kan tuntun tó kéré jù ú lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dá a padà sí omi. Ọkọ̀ tó ti gbẹ á jò púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, nítorí pákó ti súnkì, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan kí igi mu omi kó wú. Ìgbà náà ni kí ẹ gbọ́n ọn gbẹ lálẹ́, kí ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀, kí ẹ wo bí omi ṣe ga tó.

Ti ìgbòkun kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá ya, a ó rán an. Òpó ni kí ẹ rí i pé ó ṣeé yọ kíákíá. Ní oṣù Kẹta sí ìkarùn-ún, àti ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ìjì máa ń ti ìlà-oòrùn dé lójijì. Kí àbúrò rẹ má bá a jà, kó yára sọ ìgbòkun kalẹ̀. Mo sì bẹ̀ ọ́, fi owó ẹ̀wù ìdóòlà mọ́ owó ọkọ̀, ti gbogbo àwọn tó máa bá a ṣiṣẹ́. Ojú mi ti rí òkú tí wọ́n gbé wá sí èbúté. N kò fẹ́ kí ìyá rí irú rẹ̀.

Ti ìwé àṣẹ: ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ lórí ojú omi abẹ́lé. Kí àbúrò rẹ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú omi abẹ́lé, kó tó san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń gba owó ojú omi. Kó sì bi àwọn àgbà èbúté léèrè ẹni tó ni ọkọ̀ náà gan-an.

Bí alágbàtà bá gbà láti fa ọkọ̀ gòkè, pè mí. Màá wọ mọ́tò lọ sí Èkó, mo mọ káfíńtà ọlọ́kọ̀ kan ní Èbúté Mẹ́ta tí kò ní tan wá jẹ. Owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀ mi nìkan ni kí o fi ránṣẹ́. Bí kò bá gbà, ọkọ̀ mìíràn wà.

Bá mi kí Táíwò àti Kẹ́hìndé. Sọ fún wọn pé Èjìgbò ni kí wọ́n ti wá ṣe ọdún tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá Àdùkẹ́.